Òórùn Ọsàn Wẹ́wẹ́ Nínú Ikùn Ọkọ̀

"Lourival, tọ́ ọ wò kí a gbọ́," ni Dókítà Amadeu wí.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kan tó funfun bí ẹyin adìyẹ. Dókítà bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń yọjú wò mí láti ẹnu ihò tí mo gbà wọlé. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé pákó kékeré tó bo ikùn ọkọ̀ kúrò, mo na ọwọ́ sísàlẹ̀ títí ìka mi fi kan omi. Omi náà kò ju ife méjì lọ. Mo fi ìka mi kan ahọ́n.

Iyọ̀ ni.

"Omi òkun ni, Dókítà."

Ọkùnrin tó ń tajà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá, ẹ tún un tọ́ wò. Bóyá iyọ̀ ẹja tí ẹ jẹ láàárọ̀ ló kù lẹ́nu yín."

"Mi ò tíì jẹun," ni mo wí.

Dókítà ti dìde. "Ẹ bá mi mú bàtà mi," ló sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn parí síbẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, bàbá tirẹ̀ ló sì kọ́ òun. Omi tó bá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ọ̀nà méjì ló lè gbà débẹ̀. Bí kò bá níyọ̀, omi òjò ni, tàbí omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù. Ìyẹn kì í pa èèyàn. Bó bá níyọ̀, òkun ti rí ibi kan wọlé nìyẹn. Ẹlẹ́rọ lè purọ́, ìwé lè purọ́, ọ̀dà tuntun náà lè purọ́. Iyọ̀ kì í purọ́.

Ọjọ́ kìíní ìpàtẹ ọkọ̀ ni, ní Angra, ìlú etí òkun wa níbí. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń kó àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ wá sí èbúté àwọn olówó, tuntun àti àlòkù, wọ́n á so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹṣin. Àwọn olówó á máa ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, wọ́n á máa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wò, wọ́n á máa ṣí fíríìjì. Dókítà Amadeu fẹ́ ra èyí tó tóbi ju tàtijọ́ lọ. Kì í ṣe oníṣègùn o. Símẹ́ǹtì ló ń tà. Ṣùgbọ́n níbi tiwa, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gùn ju ilé ẹni lọ, dókítà là ń pè é.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bá a tukọ̀. Ilé tí èmi àti Neuza ìyàwó mi ń gbé, orí ilẹ̀ rẹ̀ ló wà, lẹ́yìn àtíbàbà etí omi tí a ń so ọkọ̀ sí. Inú ilé yẹn la bí Jucilene, ọmọ wa kan ṣoṣo, sí. Bí mo bá fi ọjọ́ kan ṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ilé ti lọ nìyẹn. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó sọ ọ́. Mo kàn mọ̀ ni, bí ajá ṣe ń mọ ẹni tó ni ọ̀pá.

Jucilene náà wà níbi ìpàtẹ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Dona Leda ló gbà á síṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Dona Leda yìí ni obìnrin tó ń ta ọkọ̀ tó tóbi jù níbẹ̀, àlòkù tí wọ́n kun bíi tuntun. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọnú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ mi ni pé kó dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan, kó máa gba bàtà lọ́wọ́ àwọn tó ń wọlé, kó sì dá a padà fún oníbàtà bó bá jáde.

Ní ọ̀sán, a jọ jókòó sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó yìnyín sí. Ìyá rẹ̀ ti di gààrí tí a fi bọ́tà yan fún wa, àti ẹja díndín.

"Bàbá, bàtà ọkùnrin kan wà láàárọ̀ yìí, awọ ọ̀nì ni," ni Jucilene wí. "Mi ò fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ẹlòmíì, kó má bàa gé wọn jẹ."

"Tèmi ńkọ́, bí mo bá débẹ̀ lọ́la?"

"Tiyín?" Ó wo sílípáàsì rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ mi. "Èmi á fi okùn so ó mọ́lẹ̀. Bí atẹ́gùn bá gbé e, a ò rí irú ẹ̀ rà mọ́ láyé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn kó máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Dona Leda ní kí n má wojú ẹnikẹ́ni, bàtà ni kí n máa wò. Ó ní bí mo bá rí sílípáàsì rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà olówó, olówó náà mú atukọ̀ rẹ̀ wá ni. Ó ní sílípáàsì yẹn ni kí n tọ́jú jù, nítorí olówó ló ń sanwó, ṣùgbọ́n sílípáàsì ló ń rà."

"Obìnrin náà gbọ́n."

"Ó gbọ́n gan-an. Ó béèrè ìdí tí Dókítà fi kọ ọkọ̀ tòwúrọ̀, gbogbo èbúté ló ti gbọ́. Mo ní bàbá mi ni. Mo ní kò sí omi tó lè tan ahọ́n bàbá mi jẹ."

Mo gbé ẹja tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. "Kí ló dé tí o sọ fún un?"

"Kí ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin ni mo fi ń yangàn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọmọ wí nítorí pé ó fi bàbá rẹ̀ yangàn? Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Mo jẹ ẹja mi tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò sí níbẹ̀. Jucilene fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Aago mẹ́fà ló débẹ̀, kó lè nu àtẹ̀gùn kí wọ́n tó ṣí géètì. Ó gbọ́ ìró pọ́ọ̀ǹpù. Ọkùnrin kan ń fa omi láti inú ikùn ọkọ̀ Dona Leda, ó ń dà á sókun. Dona Leda rí i pé Jucilene ti rí i. Ó pè é wọ ilé ìdáná ọkọ̀, ó bu kọfí fún un nínú ife tín-ín-rín.

"Ìdánwò tí o fẹ́ fi wọ fásitì, ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mà."

"Kí lo fẹ́ lọ kọ́?"

"Bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ọkọ̀ kí wọ́n tó kàn án, mà."

"Ní Angra? Ta ló máa kọ́ ẹ ní Angra, ọmọ mi? Àwọn apẹja?" Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. "Ọ́fíìsì wa ní São Paulo fẹ́ gba ọmọbìnrin méjì ní January. Wọ́n á ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, wọ́n á lọ sílé ìwé nírọ̀lẹ́, àwa la máa sanwó rẹ̀. Mo lè kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ lónìí."

Jucilene ní òun gbé ife náà kalẹ̀.

"Nǹkan kékeré kan ló wà níbẹ̀," ni Dona Leda wí. "Ọkọ̀ yìí gbá àpáta lọ́dún tó kọjá. A ti tún un ṣe. Ó kàn ń sun omi díẹ̀ níbi tí ọ̀pá irin ẹ́ńjìnnì gbà jáde sínú òkun ni. Bí ìpàtẹ bá parí, a ó gbé e sókè, a ó dí i. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá." Ó fi ìka kan ahọ́n ara rẹ̀.

"Bàbá mi máa mọ̀, mà."

"Kò ní mọ̀, bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ló bá níbẹ̀. A ti fa omi òkun kúrò. Ìwọ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ kí iyọ̀ kúrò, kí o wá da omi ẹ̀rọ sí i nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, kí iyọ̀ èyí tó bá tún sun wọlé má bàa hàn. Ara rẹ kéré, o lè wọ ihò yẹn."

"Ẹ ò ṣe rán àwọn ọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀?"

"Àwọn yẹn? Àwọn àti atukọ̀ ló jọ ń mutí. Ẹnu wọn ń jò ju ọkọ̀ yìí lọ." Ó gbá a léjìká jẹ́jẹ́. "Rò ó wò. Bàbá rẹ náà ló máa jèrè. Òun ló máa tu ọkọ̀ tó dára jù ní Angra. Ta lo ṣẹ̀?"

Ọmọ mi rò ó wò. Ó ní òun rò ó títí kọfí fi tutù. Lẹ́yìn náà ó mú ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná yẹn, ó sì wọ inú ihò.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni èmi àti Dókítà dé. Mo bọ́ sílípáàsì mi, mo sọ pé, "Okùn dà?" Jucilene kò rẹ́rìn-ín. Ó gba sílípáàsì náà láìwò mí. Mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tutù dé ìgúnpá. Èmi a máa rí nǹkan. Ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ojú rẹ̀ á mú.

Dókítà wo yàrá ìsùn mẹ́rin. Ó jókòó síwájú níbi tí wọ́n ti ń tukọ̀, ó di ìdarí mú bí ọmọdé. Mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lójú. Dona Leda ń pè mí ní "ọ̀gá atukọ̀." Ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó ku ahọ́n Lourival," ni Dókítà wí. "Àwọn oníwèé tó ń yẹ ọkọ̀ wò yìí, ẹni tó ń tajà ló ń bọ́ wọn. Ahọ́n tèmi rèé."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo gbé pákó kúrò. Omi wà níbẹ̀, ó mọ́, ó tó ife mẹ́fà. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n.

Kò níyọ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́. Òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ta ló ń fi ọṣẹ abọ́ fọ ikùn ọkọ̀? Ẹni tó fẹ́ mú nǹkan kúrò níbẹ̀ ni. Mo gbójú sókè. Mo rí ojú Dókítà lẹ́nu ihò, mo rí ojú Dona Leda. Láàárín àwọn méjèèjì, lẹ́yìn wọn, mo rí ẹsẹ̀ méjì tí kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ó ká àwọn ọmọ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó ṣe máa ń ká wọn láti kékeré bí ìyá rẹ̀ bá ká a mọ́ ìdí ìkòkò ṣúgà. Ọwọ́ ẹ̀wù tó tutù ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo tún ìka bọ omi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tọ́ ọ wò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo ń wá. Bí mo bá ní, "Dókítà, ẹ̀tàn wà nínú omi yìí," wọ́n á béèrè ẹni tó ṣe é. Wọ́n á rí ọwọ́ ẹ̀wù. Dókítà á ní ọmọ mi ń bá wọn ja òun lólè nígbà tó ń gbé lórí ilẹ̀ òun. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

"Kò níyọ̀, Dókítà," ni mo wí. "Omi ẹ̀rọ amúlétutù ni."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Dókítà fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣí ọtí, wọ́n bu fún èmi náà. Ó wà nínú ìwé yẹn pé ẹni tó ń rà ti mú atukọ̀ ara rẹ̀ wá, atukọ̀ náà sì ti yẹ ọkọ̀ wò, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti Jucilene jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ sílé. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ báyìí pé òun náà ń retí kí n sọ̀rọ̀. A sọ̀ kalẹ̀, a rìn lọ sílé, ìyá rẹ̀ béèrè bí ìpàtẹ ṣe lọ.

"Ó lọ dáadáa," ni a jọ wí.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà sùn ní àtíbàbà wa, mo sọ̀kalẹ̀ lọ tọ́ ikùn rẹ̀ wò. Iyọ̀ ni. Mo fi pọ́ọ̀ǹpù fà á kúrò kí Dókítà tó jí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fa omi láràárọ̀ bí olè. Mo ń sọ fún ara mi pé bí àyè bá yọ, màá wí fún Dókítà pé ibì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jò. Fèrèsé yàrá Jucilene kọjú sí àtíbàbà náà. Ó ń gbọ́ pọ́ọ̀ǹpù yẹn lójoojúmọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé mo mọ̀. Síbẹ̀, ó ń jáde, ó ń kí mi káàárọ̀, ó ń gbé ìwé rẹ̀ lọ kàwé ìdánwò. Àìsọ̀rọ̀ wá di àṣà nílé wa.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní òpin oṣù October, ìyá Dókítà pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Dókítà kó gbogbo ẹbí sínú ọkọ̀, a dorí kọ erékùṣù Ilha Grande. Mo ti fa omi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà ní kí n sáré, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ rí bó ṣe ń fò. Ọ̀pá irin yẹn ń gbọ̀n. Ibi tó ń sun omi tẹ́lẹ̀ ya. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì apá òsì fi kú, tọ̀tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ṣí ihò, omi ti bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀.

"Lourival, omi kí nìyẹn?" ni Dókítà ń béèrè. "Omi kí nìyẹn?"

Ìgbì ń gbé wa lọ sí ọ̀nà àpáta. Àwọn apẹja méjì ló fi okùn fà wá kúrò. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ìyá Dókítà fẹ́ kọjá sínú ọkọ̀ apẹja, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Màmá yẹn kò tíì fẹsẹ̀ rìn títí di òní. Òun ló máa ń fún Jucilene ní midinmídìn nígbà tó wà ní kékeré.

Lọ́jọ́ Tuesday, Dókítà pe ọkùnrin kan tó ń yẹ ọkọ̀ wò wá láti Rio. Ọkùnrin náà ha ọ̀dà kúrò, ó fi ibi tí àpáta ti fọ́ ọkọ̀ náà hàn án. Dókítà pè mí wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Mi ò fi owó ra ọkọ̀ yẹn," ló wí. "Ahọ́n rẹ ni mo fi rà á."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà."

"Kí oṣù yìí tó parí, kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi."

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Jucilene ni. Ó ti tẹ̀ lé mi wá.

"Dókítà, èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, èmi ni mo da omi ẹ̀rọ sí i. Dona Leda ló ní kí n ṣe é, ó máa fún mi níṣẹ́. Bàbá mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ má lé e."

Dókítà wò ó pẹ́. Ó gbé fóònù, ó pe Dona Leda, ó jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ.

"Ọmọ wo?" ni Dona Leda wí. "Èwo nínú àwọn ọmọ apẹ̀rẹ̀ bàtà? Mi ò mọ orúkọ wọn, Dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Atukọ̀ yín ló yẹ ọkọ̀ wò."

Jucilene gbọ́ ọ. Mo rí i bó ṣe gbé e mì.

Dókítà gbé fóònù kalẹ̀. Ó kọjú sí mi. "Lourival, ọdún mọ́kàndínlógún. Wo ojú mi. Ṣé o mọ̀?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó wà lẹ́nu mi. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ wà nígboro. Bí mi ò bá sọ ọ́, ó kéré tán, òrùlé kan á kù. Ọmọ mi kò wò mí. Ó ká àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Rárá, Dókítà," ni mo wí. "Mi ò mọ̀."

"Ó dáa. Ìwọ lè dúró. Ọmọ yìí, mi ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ mi mọ́."

Ìdánwò ku ọjọ́ márùn-ún nígbà tó kó ẹrù rẹ̀. Ìlú Paraty ló lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Mo gbé àpò rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Mo ní kó má gbàgbé ọjọ́ ìdánwò, kó wọ bọ́ọ̀sì wá. Ó ní ó dáa. Kò wá. Neuza kò sọ fún mi pé mo ṣe é re tàbí mo ṣe é burú. Ó kàn gbálẹ̀ yàrá ọmọ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní, "Ilé yìí ti tóbi jù fún wa báyìí, Lourival." Láti ọjọ́ yẹn, ó ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ó ń lọ jẹ tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ó pé oṣù mẹ́rin kí n tó lọ wo Jucilene. Mo bá a níbi tí wọ́n ti ń bó edé fún ilé oúnjẹ, òun àti àwọn obìnrin mẹ́jọ yí tábìlì ká. Gbogbo ìfẹ́ tí ìka rẹ̀ ní sí pẹ́ńsù àti rúlà, ara èèpo edé ló ti ń ná an. Iyọ̀ ti bó o lọ́wọ́. Kò dìde.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ìyá mi ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ìdánwò tọdún yìí ńkọ́?"

"Bóyá." Ó bó edé kan, ó bó òmíràn. "Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọṣẹ yẹn, ṣé ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Àwọn obìnrin yòókù ń sọ̀rọ̀, wọn kò fetí sí wa. Síbẹ̀, mo wò yíká. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

"Mo gbọ́ ọ," ni mo wí.

Kò sunkún. Kò bínú. "Mo ti mọ̀," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ni." Ó sì na ọwọ́ sí edé mìíràn.

Mo ṣì wà nílé náà. Dókítà ti ra ọkọ̀ mìíràn, ẹni tó wá láti Rio pẹ̀lú ẹ̀rọ ló bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Iná tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní kí èmi gbé dání. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ahọ́n mi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé, mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ èyí. Bí àgbà kan bá gbé garawa lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ dà á síbì kan, tó ní kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á. Ẹ má rò pé ẹ lè fi irọ́ ṣe òbí yín lóore. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì wà ní ìwọ̀n omi ife mẹ́fà. Ọmọ mi sọ tirẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Èmi tí mo bí i kò sọ tèmi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo rí orí ọmọ tó wọ́, mo sì ní kò wọ́, nítorí ilé kan tí kì í ṣe tèmi.